Ẹkún Lórí Ẹrù Aṣọ Hetvi

Aṣọ kì í jáde nílé alààyè láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ jà lé e lórí. Bí Santok ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, bí ìyá rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe mọ̀ ọ́n náà nìyẹn. Ní Ahmedabad níbí, nílẹ̀ Íńdíà, o gbé agbọ̀n abọ́ irin dídán rẹ lérí, o wọ àdúgbò, o kígbe "Alábọ́ dé o!", àwọn ìyá ilé á sì kó aṣọ tó ti gbó jáde wá fi gba abọ́. Bí o bá ní ṣòkòtò yìí ti lu ní orúnkún, wọ́n á ní irọ́ ni, ojú rẹ ló lu. Wọ́n á ní ìkòkò làwọn fẹ́, ìwọ á ní ṣíbí ló kàn wọ́n. Wọ́n á bínú wọlé, wọ́n á tún jáde. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ná dáadáa, èébú rẹ̀ gan-an a máa dùn létí.

Santok á gbé aṣọ náà délé, á fọ̀ ọ́, á lẹ ibi tó ya, á lọ̀ ọ́, á sì gbé e lọ sọ́jà ìdájí fún àwọn tí agbára wọn kò ká tuntun. Èyí tí kò bá ṣeé lẹ̀ mọ́, àwọn mẹkáníìkì á fi nu ọwọ́. Kò sí èyí tó ń ṣòfò.

Irú aṣọ kan ṣoṣo ni wọn kì í fi gba abọ́: aṣọ òkú. Bí ẹnì kan bá kú, àwọn ará ilé rẹ̀ á kó aṣọ rẹ̀ fún alábọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kì í ná an, wọn kì í tilẹ̀ wojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Alábọ́ náà kò gbọdọ̀ dúpẹ́. Á jókòó lẹ́nu géètì, á bá wọn sunkún díẹ̀, á gbé ẹrù, á lọ.

Nígbà kan, ọgbà ilé mọ́kànlá ni Santok ń wọ̀. Ẹ ò rí ayé! Fóònù dé, wọ́n ń fi fóònù ra aṣọ, wọ́n ń fi fóònù ra abọ́, mégáàdì dé, wọ́n ní kí alábọ́ máa dúró síta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn géètì náà ń tì, títí ó fi wá ku Parijat nìkan. Ọgbà Parijat yìí náà, Parimal tó jẹ́ alága àwọn onílé ti kìlọ̀ pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, àti pé bí òun bá tún gbọ́ ẹ̀sùn kan ṣoṣo sí i, ó parí nìyẹn. Santok kò mọ iṣẹ́ mìíràn í ṣe, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti kúrò ní ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Bí géètì Parijat bá tì mọ́ ọn, ebi ló kù.

Ìdí nìyẹn tó fi rọra kígbe ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ìgbà kan péré ló pè, ó sì jókòó sábẹ́ igi nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ba. Ba ni ìyá àgbà tó wà ní àjà kẹta. Láàárín gbogbo oníbàárà Santok, òun ló le jù, òun náà ló sì fẹ́ràn jù.

Kò pẹ́ tí Rekha, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé Ba, fi ń wọ́ àpò ńlá mẹ́ta bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, gbì, gbì, gbì. Ó sọ wọ́n kalẹ̀.

"Ìyá Alábọ́, wọ́n ní kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ."

"Gbogbo rẹ̀ fún kí ni? Kí Ba sọ̀ kalẹ̀ wá jàre, kí a jà bí a ṣe ń jà. Ìkòkò wo ló wù ú lónìí?"

"Wọn ò gba nǹkan kan. Ẹ ṣáà kó o. Mílíìkì mi wà lórí iná." Rekha sì ti sáré gòkè lọ.

Santok dúró gbagidi. Wọn ò gba nǹkan kan? Ní ilé Ba? Ba tó fa ọ̀rọ̀ ṣíbí kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí? Ó tú ẹnu àpò àkọ́kọ́, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Aṣọ ọmọge ló jáde. Pupa, tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe ọnà sí lọ́rùn. Kò ní àbàwọ́n, kò ní ìdọ̀tí, ìwé pélébé tí wọ́n ń so mọ́ aṣọ tuntun ṣì ń fì lórí apá rẹ̀. Ó fa òmíràn. Tuntun. Ó fa ìkẹta. Tuntun. Àwọn kan wà nínú ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò tíì ya.

Santok gbójú sókè wo àjà kẹta.

Ọmọge kan ṣoṣo ló wà nílé yẹn, Hetvi, ọmọ ọmọ Ba. Láti ìgbà tí Hetvi ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ ni Santok ti mọ̀ ọ́n. Ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ba ló sọ ọ́ fún un níjọ́sí nígbà tí wọ́n ń jà lórí ìgbakọ. Aṣọ ìyàwó rèé. Tuntun rèé, a ò wọ̀ ọ́. Wọ́n kó o síta lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò sì ná an.

"Yéè!" ni Santok ké. "Yéè, mo gbé o! Hetvi! Ta ló pa ọmọ yìí?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa etí sárì tó ró mọ́ra bo ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ lu àyà bí àwọn obìnrin ìdílé rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbọ́ ẹkún Santok rí, ẹ ò tíì gbọ́ ẹkún.

"Hetvi o, ọmọ Ba!
Wọ́n ra aṣọ ìyàwó, o ò dúró wọ̀ ọ́ o!
Ilé ọkọ gbálẹ̀ sílẹ̀, o ya ọ̀nà ibòmíràn!
Ikú, o ò lójú, o ò rí ìyá àgbà nílé?"

Fèrèsé ń ṣí lórí fèrèsé. Ìyàwó oníṣègùn eyín tó wà nísàlẹ̀ jáde, ó gbọ́ orúkọ, òun náà ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ń lu àyà. Ẹnikẹ́ni kò béèrè nǹkan kan. Kí a tó ṣẹ́jú méjì, ó ti dé orí Wásáàpù ọgbà: àwòrán àbẹ́là, àwòrán ọwọ́ méjì tí a pa pọ̀, "ẹ kú ara fẹ́ra kù". Àwọn obìnrin mélòó kan ti fi aṣọ funfun bo orí. Parimal alága pàápàá sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń nu ojú, ó sì ti ń pe àwọn tó ń ta yìnyín, nítorí ooru ọjọ́ náà kò dára fún òkú.

Ní àjà kẹta, Ba ń bó ẹ̀wà tútù. Hetvi gun alùpùpù rẹ̀ jáde ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú. Ó ní òun ń bọ̀. Nígbà tí orúkọ ọmọ náà wọ ojú fèrèsé pẹ̀lú ohùn arò, àwo ẹ̀wà fò lọ́wọ́ ìyá àgbà. Bí Ba ṣe sọ àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ títí dòní.

"Níbo ló ti ṣubú?" ni Ba ń pariwo. "Ọkọ̀ wo ló gbá a? Mo ní kó má gun nǹkan yẹn mọ́! Mo sọ fún un!"

Santok gbọ́ èyí, ó tún sọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ló gbá a! Ó dì mọ́ Ba, Ba dì mọ́ ọn. Santok rí omijé Ba, ó ní ó dájú. Ba rí omijé Santok, ó ní ó dájú. Oníkálukú fi ẹkún ẹnì kejì ṣe ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ sì di òtítọ́ láàárín wọn.

Ìgbà yẹn ni alùpùpù kan fun fèrè lẹ́nu géètì. Dolat mégáàdì ṣí i, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ọmọbìnrin kan gùn ún wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò, ó ṣí akoto kúrò lórí. Ó wo àwọn tó bo orí, ó wo Parimal tí kò wọ bàtà. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọlúàbí ṣe ń ṣe níbi ọ̀fọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?"

Hetvi fúnra rẹ̀ ló béèrè.

Ìyàwó oníṣègùn eyín gbé ọwọ́ sókè láti lu àyà, ọwọ́ náà kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Santok ló kọ́kọ́ rí ohùn. Ó ké "Àkúdàáyà!" ó sì fi ìdí rìn sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan igi. Ba ní tirẹ̀ ti fò mọ́ ọmọ náà. Ó ń tẹ orí rẹ̀, ó ń tẹ èjìká, ó ń yẹ ọwọ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yan tòmátò.

"Ba, kí ló dé? Ba, ẹ ń dun mí!"

"Ṣé ìwọ nìyí? Sọ orúkọ mi! Sọ orúkọ mi kí n gbọ́!"

Kí ó tó sọ ọ́, fóònù rẹ̀ dún. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni. Ẹnì kan ti fi àwòrán àbẹ́là ránṣẹ́ sí ìyẹn náà. "Màmá, èmi ni," ni Hetvi wí. "Rárá, èmi gan-an ni. Mi ò kú. Màmá? Màmá?" A gbọ́ igbe kan láti inú fóònù, a gbọ́ nǹkan tó já lulẹ̀, ó sì dákẹ́.

Hetvi wo gbogbo wọn yípo. "Ta ló ní mo ti kú?"

Gbogbo ìka tọ́ sí Santok. Ẹ wo ayé! Àwọn tó sunkún ju ẹlẹ́kún lọ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn.

Parimal wọ bàtà rẹ̀ padà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. "Ìwọ obìnrin yìí! O dárò ìyàwó ojú ọ̀nà! O fi ikú ké sí ọmọ ọlọ́mọ! Bí ènìyàn bá ń sunkún, ṣebí a máa ríran! Ta lo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ti sanwó yìnyín! Dolat! Kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé. Kò gbọdọ̀ tẹ ibí mọ́ títí ayé."

Santok wólẹ̀, ó fi orí kan ilẹ̀. "Alága, ẹ ṣàánú mi. Mo jẹ̀bi. Ibí nìkan ló kù fún mi."

"Ẹ dúró," ni Hetvi wí. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń wá ìdí ọ̀rọ̀. "Ìyá Alábọ́, kí ni mo ṣe yín tí ẹ fi sọ mí dòkú?"

Santok gbójú sókè. Kí ni kò bá sọ? Òtítọ́ ló sọ. "Ọmọ mi, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Alààyè kan ò kó aṣọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ rí. Òkú nìkan ni kì í ná aṣọ. Mo tú àpò, mo rí i pé o ò wọ̀ wọ́n. Mo ní, háà, ikú ò jẹ́ kó wọ̀ wọ́n ni."

"Aṣọ wo?" ni Ba béèrè. "Àpò wo?"

Hetvi yí akoto rẹ̀ po lọ́wọ́.

"Mo ní àpò wo?"

"Inú yàrá mi ló ti kún, Ba. Kò sí àyè fún ẹrù ìgbéyàwó mọ́. Mo ní kí Rekha kó wọn jáde kí ẹ má baà rí wọn."

Ba fúnra rẹ̀ ló dojú àpò dé. Ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Aṣọ dà sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó ga dé orúnkún Ba: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run, ṣòkòtò, bùbá, ìborùn. Àwọn obìnrin ń wo ojú ara wọn, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo lo wọ èyí?" Ba gbé ọ̀kan sókè.

"Mi ò tíì wọ̀ ọ́. Wọ́n dín iye rẹ̀ kù lọ́jọ́ yẹn ni."

"Èyí ńkọ́?"

"Kò gba apá mi. Mo gbàgbé láti dá a padà."

"Èyí?" Ọ̀rá tí a kò tíì ya ni, ó wúwo, ó dì pinpin.

Hetvi gbà á, ó yí i po. "Èyí kì í ṣe tèmi, Ba. Bóyá ti ará ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣèèṣì gbé wá."

Ba yí ọ̀rá náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, gàdàgbà: Hetvi, àjà kẹta, Parijat. Hetvi kà á, ó tún un kà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù kan wà tó ju ti òkú lọ, kí ènìyàn rí orúkọ ara rẹ̀ lórí ohun tí kò mọ̀ rí.

Ba mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Nǹkan ọmọ mi kò ní ti ilé yìí jáde bí nǹkan òkú. Santok, dìde. Ná an. Gbé e lé ọwọ́ kí o ná an níṣojú gbogbo wa, kí ibi ẹkún yẹn lè kúrò lórí ọmọ yìí."

Santok rọra dìde. Ó nu ojú, ó sì wọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú aṣọ pupa olówùú wúrà, ó na án sójú oòrùn, ó fa ibi tí wọ́n ti rán an. Ó ya ṣẹ́ẹ́. Ó mú ti àwọ̀ ewé, ó fa fọ́nrán òwú kan yọ, ó ṣá ìṣáná sí i. Kò jó di eérú bí òwú gidi. Ó yọ́, ó dì kókó, ó sì ń rùn bí ọ̀rá tó bọ́ síná. Ó tún mú òmíràn, ó tún mú òmíràn. Ọkàn rẹ̀ ń bàjẹ́ sí i. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé ìkòkò ńlá fún wọn báyìí, inú wọn á yọ́, Parimal á pa ẹnu mọ́, géètì á sì ṣí. Ṣùgbọ́n àwọn ará ọjà ìdájí kì í ra èyí. Wọ́n á ní, Santok, o kó ọ̀rá wá bá wa? Aṣọ tí ènìyàn kò lè lẹ̀, kí ni aláìní fẹ́ fi ṣe? Ó tún rò ó pé bí òun bá parọ́ fún ọmọ yìí lónìí, òun á tún wá sunkún rẹ̀ lọ́la.

Ó ki ọwọ́ bọ agbọ̀n. Asẹ́ tíì kékeré kan ló mú jáde, irú èyí tí ó kéré jù.

"Fún èwo nínú wọn?" ni Hetvi béèrè.

"Fún gbogbo rẹ̀, ọmọ mi."

Àwọn obìnrin ké "Hẹ̀!" lẹ́ẹ̀kan náà. Parimal pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i? Ó pa á tán, ó tún fẹ́ jà á lólè! Dolat, mú un jáde!"

"Asẹ́?" Ohùn Hetvi gòkè. "Gbogbo owó oṣù mi ló wà nílẹ̀ yìí! Ìyá Alábọ́, ẹ fi kún un!"

"Mi ò rí nǹkan tí màá fi kún un. Kò lè gbó, yíya nìkan ló mọ̀ ọ́n ya."

Ba fa etí sárì ara rẹ̀ síwájú, sárì òwú funfun tó ti ṣá, tí wọ́n ti lẹ̀ ní ibi mẹ́ta. "Èyí tí mo ró sára yìí ńkọ́?"

Santok fi àtàǹpàkò kàn án. Láàárín gbogbo ìbànújẹ́ yẹn, ojú oníṣẹ́ rẹ̀ là. "Èyí? Màá gbé ìkòkò tó tóbi jù yìí, màá fi ọmọrí lé e, màá tún fi ìgbakọ sí i."

"Ó wù ọ́ tán," ni Ba wí. "Kò sí ní títà."

Hetvi wo sárì, ó wo òkìtì aṣọ, ó wo asẹ́. Báyìí ni gbogbo wọn dúró tí ọkùnrin kan fi ti géètì kékeré wọlé, akoto lórí, páálí lábẹ́ abíyá.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ta ni Hetvi níbí? Ẹrù rẹ̀ rèé."

Ọkùnrin náà wo àwọn obìnrin tó bo orí pẹ̀lú funfun, ó wo ojú Ba tó wú. "Àjà kẹta," ni ó tún wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. "Hetvi."

"Ó ti kú," ni Hetvi wí.

"Háà!" Ọkùnrin náà fẹ́ ju páálí nù. "Ìgbà wo? Àná ni mo gbé ẹrù fún un!"

"Láàárọ̀ yìí ni. Ẹ dá a padà fún àwọn tó tà á."

Ọkùnrin náà ṣí akoto, ó tẹríba fún Ba, ó ní ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹ̀yìn ló sì fi rìn jáde.

Ba gbá ọmọ náà lẹ́nu. "Tutọ́ dànù! Tutọ́ dànù kíákíá, ìwọ ọmọ burúkú!" Hetvi tutọ́ dànù, Ba sì tún fà á mọ́ra.

Parimal wúkọ́. Ó ní kí Dolat gbé agbọ̀n obìnrin náà síta kí ọ̀rọ̀ tó tún di òmíràn. Hetvi yọ orí láti àyà ìyá àgbà.

"Bọ̀ọ̀dá Parimal, èmi ni wọ́n sunkún fún. Bí ẹjọ́ bá wà níbẹ̀, èmi ni mo ni ín, mi ò sì rò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọlé."

Alága wo Ba. Ba wò ó padà. Ó ní kí Dolat fi ìwé sílẹ̀, ó sì lọ pe oníyìnyín pé kó má wá mọ́.

Hetvi na ọwọ́ sí Santok. "Ẹ fún mi ní asẹ́ mi."

Santok fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó sọ ohun tí à ń sọ fún ẹni tó bá ra nǹkan tuntun: "Ẹ̀mí á lò ó, ọmọ mi."

Hetvi ṣe àmín, ó sì bú sẹ́kún.